Àwọn Ihò Ara Àwo Irin

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ká aṣọ kúrò lórí alùpùpù kan láàárín ṣọ́ọ̀bù, ṣe ni Bàbá Oní-maṣíìnì pòṣé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó kórìíra tó ìfiṣòfò.

"Níbo ni èrò ẹ̀yìn máa jókòó sí?"

"Kì í gbé èrò ẹ̀yìn, Bàbá."

"Iná iwájú ńkọ́?"

"Kò níná."

"Dígí tí o máa fi wo ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi, ìyẹn ti di wàhálà tiẹ̀."

"Ẹ wo irin tí wọ́n fi ṣòfò! Kò lè gbé ẹrù, kò lè gbé ìyàwó, kò lè rìn lálẹ́. Kí ló wá lè ṣe?"

"Ó lè sáré," ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ó sì lè dúró. Tí ẹ bá rí bó ṣe ń dúró, ẹnu á yà yín ju eré rẹ̀ lọ."

Iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí ni kí ó máa gun alùpùpù tuntun wò fún ilé iṣẹ́ tó ń tò wọ́n fún pápá eré ìje alùpùpù, kí ẹni tó ni ín tó wá gbé e. Ilé bàbá rẹ̀ ló sún mọ́ pápá jù, nítorí náà ló ṣe sùn síbẹ̀. Kí ó tó sùn, ó ti fọwọ́ kan gbogbo bóòtù, ó ti dán bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ní òwúrọ̀, bí ọmọ ṣe wọ ilé ìwẹ̀, Bàbá fa àpótí ìjókòó sún mọ́ alùpùpù náà, ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ìwé ni Bàbá fi kọ́ṣẹ́, ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Á kà á, á dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ padà, wọn á sì fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi tí ó ti kùnà. Kò ní ọ̀gá kan tí ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó bi í pé, èyí ńkọ́? Ojú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ bá sọ fún un nípa irin, abẹ gé e.

Ohun tí ojú rẹ̀ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà yà á lẹ́nu.

Ó tú bóòtù kan wò, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n ti lu inú rẹ̀ jáde, agbára rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó dá a padà, ó dè é bí ó ṣe bá a. Ó wo irin tí wọ́n ń fà fún bíréèkì: wọ́n ti la ojú sí i lára kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ó má baà tì í sẹ́yìn. Ó wo ọ̀pá táyà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn lékeléke, síbẹ̀ kò sí èyí tó mì. Irin kan wà tí iṣẹ́ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀: ó gbé ẹ́ńjìnì, ó di ara mú, ó tún jẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ó hàn gbangba pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí ti dojú kọ irin kọ̀ọ̀kan, ó ti bi í pé kí lo wá ṣe níbí. Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀, wọ́n gé e dànù.

"Háà," ni Bàbá wí. Ojú tì í. Nǹkan tí ó pè ní ìfiṣòfò lánàá, òun ni kò ní ìfiṣòfò kankan nínú. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì rí ẹ̀dá ọwọ́ ènìyàn tí ìwà rẹ̀ jọ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ tó ti sọnù.

Ìgbà náà ni ó rí àwo irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, àti ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀yìn. Wọn kò kùn wọ́n lọ́dà. Wọ́n ń dán, ihò wẹ́wẹ́ sì yí wọn ká. Bàbá tẹ ìka bọ ihò kan. Gbígbẹ ni. Ó tẹ òmíràn. Gbígbẹ.

Lára maṣíìnì ìránṣọ, gbogbo ihò tí kò bá sí bóòtù nínú rẹ̀, ilé epo ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta nínú iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n.

"Irú iṣẹ́ báyìí," ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "kí ẹnì kankan má sì rántí epo!"

Ó gbé agolo epo rẹ̀, ó kán ẹ̀kán epo kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn. Ó ń fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ nu ojú irin náà títí tí epo kò fi ṣàn lára rẹ̀ mọ́, nítorí epo tó bá ń kán sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kò sọ fún ọmọ. Iṣẹ́ tó dáa kì í pariwo.

Nígbà tí Bàbá àti ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé alùpùpù náà dé pápá eré, Ọ̀gá, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó tò ó, ń bá ẹni tó di rédíò mú sọ̀rọ̀. Oní-táyà, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ń tú aṣọ gbígbóná tí wọ́n fi wé táyà. Ọmọ Bàbá ti wọ aṣọ awọ rẹ̀, ó ti dé àṣíborí.

"Bàbá, ẹ má kúrò lẹ́yìn ògiri yìí o."

"Ta ló fẹ́ bá ẹ sáré?"

Ẹ́ńjìnì bú, ògiri gbọ̀n. Iná àwọ̀ ewé tàn, alùpùpù náà sì jáde lẹ́yìn méjì mìíràn tó ti ṣíwájú.

"Bàbá, ṣé ẹ rí ọmọ yín?" ni Oní-táyà wí. "Èmi tí mo bá gun ìyẹn, ìyàwó mi á ti lọ ra aṣọ opó kalẹ̀."

Inú Bàbá dùn. "Ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹ gbàgbé ibì kan. Mo bá yín fún un lépo láàárọ̀. Àwọn àwo irin yẹn gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀."

Ẹ̀rín kú lójú Oní-táyà.

"Àwo irin wo?"

"Èyí oníhò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà."

"Bàbá! Bíréèkì nìyẹn! Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún, kí ooru lè jáde! Kò gbọdọ̀ fojú kan epo láéláé!" Ó ti ń sáré. "Ọ̀gá! Ọ̀gá! Ẹ dá a dúró!"

Wọ́n ń kígbe àsíá pupa sínú rédíò, àmì pé kí gbogbo alùpùpù dúró. Bàbá na ọrùn kọjá ògiri. Ó rí alùpùpù àkọ́kọ́ tó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó rí i tó tẹrí ba bí àgbò tó fẹ́ kàn, nítorí pé ẹni tó gùn ún fa bíréèkì. Èkejì tẹrí ba. Tọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀.

Kò tẹrí ba.

Èéfín funfun jáde nídìí táyà iwájú. Ọmọ náà gbé àyà sókè, ó fi dí afẹ́fẹ́ kí eré lè dín. Bàbá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì tó ń já wálẹ̀, jíà kan tẹ̀lé òmíràn. Kò tó. Alùpùpù náà kọjá ibi tó yẹ kó ti yà, ó wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ lọ tààrà, eruku sì gbé e mì.

Bàbá di ògiri mú. Kò gbàdúrà. Kò rántí pé àdúrà wà.

Ẹnì kan dìde nínú eruku náà. Ó tún ṣubú, ó tún dìde.

Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e padà, ó ń tiro, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣí àṣíborí. "Mo fa bíréèkì, bí ẹni fọwọ́ pa ọṣẹ ni! Lánàá ló dáa!" Ó yíjú sí Oní-táyà. "Kí lo fi sí i?"

Oní-táyà wo ilẹ̀. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè na ìka sí àgbàlagbà níṣojú ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá wí. "Mo rí ihò, mo pè é ní ilé epo."

Ọmọ náà yíjú sí i. "Ẹ̀yin? Ilé ìwẹ̀ ni mo wà, Bàbá! Ẹ̀yìn ògiri lásán! Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Bàbá sọ òtítọ́. "Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo lè béèrè."

"Bàbá, ẹ má bínú sà," ni Ọ̀gá wí, "ẹ máa lọ. Ẹ ò lè dúró níbí mọ́."

"Ó tọ́. Èmi náà ìbá lé ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó rìn lọ jókòó síbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ó gbọ́ bàtà tó ń wọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, kò bojú wẹ̀yìn títí ọmọ náà fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì tó ṣì wà nínú ìbọ̀wọ́ awọ sí i.

"Ẹ bá mi bọ́ ọ. Ìka mi ò gbọ́ràn."

Bàbá di etí ìbọ̀wọ́ náà mú, ó yọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún dì í mú, ó tún yọ.

"Ẹ fi sílẹ̀ ná," ni ọmọ náà wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀."

Wọ́n jókòó.