Ẹnìkan Sọ̀rọ̀

"Wọ́n ní ó ní kí wọ́n máa..."

"Kí wọ́n máa kí ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀ o, ohun tí mo gbọ́ ni mò ń sọ. Wọ́n ní alábòójútó ní tó bá jẹ́ ti àwọn ará Odò-Apá ni, kí wọ́n máa kú..."

"Háà. Òun tó jẹ́ àlejò?"

"Mujeebat tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló wà lẹ́yìn fèrèsé. Ṣé etí rẹ̀ ló máa parọ́ fún un?"

Àárín àwọn obìnrin méjèèjì yìí ni Keziah Ọlákìtán jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń bọ̀ láti Obbo-Aiyegunle. Ó gbé báàgì lé itan, ó kọjú síta. Ó fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í jáde níwájú ẹni tí kò mọ̀. Inú báàgì yẹn ni ìwé ìpàdé wà. Òun ló kọ ọ́. Ó wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ ẹni tó sọ ọ́.

Kì í ṣe alábòójútó. Bàbá rẹ̀ ni.

Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló la Òkè-Ọpọ́n àti Odò-Apá láàárín. Ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ààlà oko di ìjà láàárín ìlú méjèèjì. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ilé sì jóná níhìn-ín lọ́hùn-ún. Nígbà tí ara rọ̀ díẹ̀, ìjọba gbé ọ́fíìsì kan sí ẹ̀gbẹ́ afárá, wọ́n ní òun ni yóò máa ṣàkóso ìlú méjèèjì pọ̀: ọ̀nà, omi, ilé ẹ̀kọ́, ọjà. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìkankan nínú wọn ni yóò máa jẹ́ alábòójútó níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ò pẹ́ tí wọ́n fi lé wọn lọ. Ìkẹrin ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí Abíọ́nà, ọmọ Eruku.

Abíọ́nà ló mú òfin kan wá. Ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ máa wá sọ tinú rẹ̀ fún òun lọ́tọ̀, kí wọ́n tó jókòó pọ̀. Ó ní ìwé ìpàdé kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá jáde kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ lé Bíbélì. Keziah náà gbọ́wọ́ lé e. Láti ọjọ́ náà, "Ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹnìkan dáhùn" ló kún inú ìwé. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí, àwọn ọmọ ìlú méjèèjì sì ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́.

Ilé ìwòsàn ló wá kàn. Ilẹ̀ tí wọ́n rí fún un wà ní Odò-Apá. Ní Ọjọ́bọ̀, àgbà márùn-ún láti Òkè-Ọpọ́n wá sọ tinú wọn. Bàbá Keziah dìde. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, tí ẹni tó wà níta, tí kò rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ò sì lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí Keziah kọ sílẹ̀ ò ju èyí lọ: "Ẹnìkan fi ìbànújẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn."

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, Abíọ́nà ń kó fáìlì sínú páálí.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O ti dé. Odò-Apá ti kọ̀wé pé kí n lọ. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á yọ àwọn ọmọ wọn kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì dí afárá."

Keziah mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e bí wọ́n bá dí afárá. Afárá ni wọ́n kọ́kọ́ dí nígbà ìjà.

"Sà, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin kọ́."

"Wọ́n á ní ta ni nígbà náà? Èmi tí mo ní kí wọ́n búra, ṣé èmi náà ni kí n kọ́kọ́ dà á?" Ó fi okùn yí páálí po. "Ó sàn kí wọ́n bínú sí ará Eruku ju kí wọ́n bínú sí ara wọn lọ. Bí mo bá lọ, bóyá ó máa tán síbẹ̀."

"Kò ní í tán síbẹ̀, sà. Wọ́n á ní ẹ jẹ̀bi lẹ ṣe lọ. Ta ló tún máa wá?"

Abíọ́nà ń wá ibi tí okùn pin sí.

Lẹ́yìn ilé ni Keziah ti bá bàbá rẹ̀, Ebenezer, ó ń so iṣu mọ́ igi. Lọ́dọọdún ló ń ya ìlà iṣu kan sọ́tọ̀, tó ń pè é ní ti Tèmídayọ̀. Bó bá di ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Tèmídayọ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n pa á ní Odò-Apá, wọn ò sì gbé òkú rẹ̀ padà wá sílé.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gbé lé Ọ̀gbẹ́ni Abíọ́nà lórí?"

"Mo gbọ́."

"Wọ́n máa lé e lọ. Wọ́n ní àwọn máa dí afárá."

"Ẹni tó bá jẹ́ olórí ló ń ru ẹrù."

"Ẹrù tirẹ̀ kọ́, Bàbá."

Ọwọ́ bàbá náà dúró. "Ṣé ìwọ lo máa fà mí lé Odò-Apá lọ́wọ́? Lójú Ọládòṣù, àgbà wọn? Ìwọ tí mo bí?" Kò jágbe, ìyẹn ló sì burú jù. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ibi tí ọmọ yẹn wà hàn mí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n máa kú, ta ló tún máa dá mi lóhùn?"

Keziah mú ìtàkùn iṣu kan tó já, ó nà án sí i.

"Ìyá mi ló bà ọ́ jẹ́," bàbá rẹ̀ ní. "Ó sọ ọ́ di ẹni tí kì í gbàgbé."

Òótọ́ ni. Àìsàn ò jẹ́ kí Keziah lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́ ní kékeré, ẹsẹ̀ Yèyé, ìyá bàbá rẹ̀, ló ti kàwé. Yèyé a rán an níṣẹ́ láti yàrá dé ìdí ààrò. Bó bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, tàbí tó yọ ọ̀kan níbẹ̀, yóò padà lọ tún un jẹ́. "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù," Yèyé a ní, "a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Ṣùgbọ́n ta ló rán an ní ti Ọjọ́bọ̀ yìí? Kò rí ẹni tó lè bi.

"Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá, odindi ni màá sọ."

"Má sọ ọ́," bàbá rẹ̀ ní, ó sì padà sídìí iṣu.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ọ́fíìsì kún. Òkè-Ọpọ́n jókòó lápá ọ̀tún, Odò-Apá lápá òsì, àyè tó wà láàárín wọn tó èyí tí ọkọ̀ lè gbà kọjá. Páálí Abíọ́nà mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà. Mujeebat dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Pa Ọládòṣù, àgbà Odò-Apá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn.

"Alábòójútó, wọ́n ní ẹ ní ká máa kú. Àwa rèé. A ti wẹ̀, a ti wọ aṣọ tó mọ́. Apá ibo lẹ fẹ́ ká kọjú sí?"

Àwọn ènìyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Bàbá, ẹ má bínú," Abíọ́nà ní. "Yàrá mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Èmi ni kí ẹ mú. Mo ti di ẹrù mi."

Àwọn àgbà Òkè-Ọpọ́n tó wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ń wo ilẹ̀. Ebenezer di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún.

"Kí ẹ tó máa lọ, ẹ ka ìwé náà sí wa létí," Ọládòṣù ní.

Keziah dìde, ó ṣí ìwé. "Ẹnìkan fi ìbànújẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn."

"Ẹnìkan." Ọládòṣù mi orí. "Ọwọ́ ẹnìkan yìí mà dí o. Ẹnìkan ló sun ilé mi. Ẹnìkan ló ṣá àbúrò mi. Lónìí, ẹnìkan ní kí n máa kú. Ọmọ yìí, ṣé ẹnìkan yìí ò bímọ ni?"

"Ó bímọ, sà." Ohùn Keziah ò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Èmi ló bí."

Abíọ́nà na ọwọ́ sí i. "Keziah, ìbúra..."

"Mo mọ̀, sà. Kó wà lọ́rùn mi." Ó pa ìwé dé. Ó kúnlẹ̀ síhà ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Ebenezer ò gbé ojú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń yí fìlà náà po.

"Sọ ọ́," Ọládòṣù ní. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

Keziah lè fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó mú ìparí nìkan. Ìparí ló dùn gbọ́, ì bá sì bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Ṣùgbọ́n Yèyé ì bá dá a padà láti ẹnu ọ̀nà. Ó dìde, ó di ojú, ó sì sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ó ń sinmi níbi tí bàbá rẹ̀ ti sinmi.

"Bí ẹ bá kọ́ ọ sí Odò-Apá, èmi ò ní í gbé aláìsàn mi débẹ̀. Kí àwọn ará Odò-Apá máa kú síbẹ̀, bí Tèmídayọ̀ ọmọ mi ṣe kú síbẹ̀."

Ibi "máa kú síbẹ̀" ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó mí, ó ń bá a lọ.

"Mi ò ní kí ẹ má kọ́ ilé ìwòsàn. Mo ní kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí wá fi ọwọ́ tọ́ka rẹ̀ fún mi. Mi ò ní í bi í bóyá òun ló pa á. Màá gbé òkúta kan síbẹ̀, màá sì máa lọ sílé. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá lọ sí Koro, mi ò mọ ibi tí mo ti ń tẹ ọmọ mi mọ́lẹ̀."

Pa Ọládòṣù dìde lórí ọ̀pá rẹ̀; Ebenezer ló kọjú sí, kì í ṣe Abíọ́nà.