Ìgbálẹ̀ Rọ́bà Ẹnu Ọ̀nà Ottmar

Kọ́kọ́rọ́ ahéré wà nínú àpò Ìyá Irmtraud nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi létí odò Mosel. Ọdún kan rèé tí Alban ọkọ rẹ̀ ti kú, orúnkún Ìyá ò sì gbé e gun òkè oko àjàrà wọn mọ́. Ottmar, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta wáìnì nínú odi ìlú, ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fa oko náà lé òun lọ́wọ́. Ìyá ní kò burú. Àmọ́ Alban ti kìlọ̀ kó tó kú pé kí àjàrà òun má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀bàyéjẹ́.

Láti ẹnubodè ló ti ń rí i lára. Ìtọ̀ ń rùn nídìí odi, òróró àtàná ń ta síni nímú. Ọkùnrin oníkùn kan gbé ẹ̀wù irin jagunjagun wọ̀, páànù lásán ni, òun àtàwọn àlejò ń ya fọ́tò. Ìyá fi gèlè bomú.

Ìgbálẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Ottmar. Lágbègbè yẹn, ẹni tó bá so ìgbálẹ̀ ẹ̀ka igi kọ́ ẹnu ọ̀nà ń sọ fáráyé pé wáìnì tí òun fọwọ́ ara òun ṣe ti délẹ̀ ni. Bó bá ti tán, á já a. Ti Ottmar yìí, rọ́bà ni, aláǹtakùn ti ta sí i.

"Àǹtí mi! Ẹ káàbọ̀ o!"

"Ìgbà wo lo so eléyìí?"

"Á tó ọdún mẹ́ta. Ṣé kí n máa gun àkàbà kiri ni?"

"Ọdún mẹ́ta, wáìnì ẹ ò tán?"

"Tèmi kì í tán, Àǹtí. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá jókòó, ó mu díẹ̀. Ó dùn ràkọ̀ràkọ̀ bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Bó ṣe ń wá ibi tó máa tu ú sí ló rí ọkọ̀ táńkà kan lẹ́yìnkùlé, tó ń da wáìnì sínú àgbá tí Alban fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún Ottmar. Ló bá tu tẹnu rẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó, púà!

"Ẹ má dójú tì mí níwájú oníbàárà!"

"O lójú tó lè tì ẹ́? Níbo ni táńkà yẹn ti wá?"

"Òkèèrè ni. Ṣé àwọn àlejò mọ̀yàtọ̀ ni? Orúkọ oko yín ni mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìgò. Ta ló fẹ́ gun òkè yẹn?"

"Àjàrà tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kẹ́yẹ jẹ ẹ́."

Ìyá di kọ́kọ́rọ́ mú nínú àpò, kò yọ ọ́. "Ẹyẹ sàn jù ẹ́ lọ," ló wí, ó bá dìde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi omi odò yọnu, adùn burúkú yẹn ò kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó fìdí wọ́ gun òkè pẹ̀lú ọ̀bẹ ìkórè. Ìlà àjàrà mẹ́ta péré lagbára rẹ̀ ká lọ́dún náà. Nígbà tí wáìnì ibẹ̀ délẹ̀, ó di ẹ̀ka igi pọ̀, ó so ó kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí Ottmar fi máa dé lọ́jọ́ kẹta, Ìyá ti já a.

"Ó ti tán," Ìyá sọ fún un látojú fèrèsé, ó sì tutọ́ sílẹ̀.