Ohun Tí Wọ́n Bá Nínú Imú Adégbénró

"Màámi, kì í ṣe òun! Ti àná kọ́ nìyẹn!"

"Òun ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ àná ni."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ Toronto yìí pọ̀ ju èèyàn lọ, gbogbo wọn ló sì wọ kóòtù kan náà. Báwo lẹ ṣe mọ èyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó kí mi lánàá."

Adégbénró di orí mú. Láti ìdájí lòun àti ìyá rẹ̀, Àlájà Kàfáyàtù, ti dúró lẹ́nu gíláàsì bálíkónì, tí wọ́n ń jà lórí ẹranko tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ká má parọ́, ìjà náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tí wọ́n bá ń jà lórí ọ̀kẹ́rẹ́, Màámi ò ní ráyè béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ti sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà lòun ń tẹ̀ ní Markham. Irọ́ gbuu! Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń tọ́jú, lóko kan tó jìnnà kọjá Pickering. Ó tiẹ̀ sọ ọ̀kan nínú wọn ní Máníjà. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn síwájú obìnrin tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì?

Fóònù Màámi dún. Bí ìṣe wọn, wọ́n fi sí sípíkà kí gbogbo ilé lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì Tèmidire ni, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tọ́jú eéwo apá wọn, eéwo tó ti kọ etí ikún sí oògùn méjì.

"Ẹ káàárọ̀ mà, èsì àyẹ̀wò eéwo yín ti dé. Ẹ rántí pé a fi owú nu imú Bọ̀dá náà, ká lè mọ ibi tó ti wá. Bọ̀dá, ṣé kí n sọ tiyín náà?"

"Ẹ sọ ọ́," Adégbénró fèsì. "Imú mi ò jalè."

"Kòkòrò kan náà ló wà nínú eéwo Màámi àti nímú yín. Wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò ní láàbù, bí ìgbà téèyàn wo ilà ojú tó sì mọ ìdílé. Ìdílé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni irú rẹ̀ ń gbé kó tó bọ́ sára èèyàn. Ta ló ń bá ẹlẹ́dẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé yín?"



"Kọ̀ǹpútà tí mò ń lò yẹn," Adégbénró ń kálòlò, "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ló kọ́kọ́ lò ó."

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ni," Màámi ní. "Oko ẹlẹ́dẹ̀ ló ń lọ. Èmi ni mo máa ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀."

Adégbénró yíjú sí Màámi. Aṣọ yẹn, ìsàlẹ̀ báàgì ló máa ń kì í bọ̀. Tó bá bá a ní fífọ̀ ní Sátidé, á rò pé òun ló fọ̀ ọ́ tóun gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì ní òun ti fi ìwé oògùn mìíràn ránṣẹ́ sílé oògùn, tara àti timú. Kí Bọ̀dá máa wẹ̀, kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó kúrò lóko. Ó dágbére.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń rùn báyẹn?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ lo ò sọ̀rọ̀. Mo ń dúró dè ọ́ ni." Wọ́n fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, orí ńlá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. "Èmi ò ní jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jí jáde sínú yìnyín kí ilé lè jẹun, ṣé aṣọ ẹ̀ ni màá wá kórìíra? Irọ́ yẹn ló dùn mí. Eéwo ò dùn mí tó o."

"Ẹ má bínú, Màámi." Omi ti lé sójú rẹ̀.

"Ó ti tán. Máníjà ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"O máa ń pè é lójú oorun."

Màámi wá tọ́ka síta. "Ṣé o rí i? Àwọn ará láàbù mọ̀ pé ọ̀kan náà ni kòkòrò tí ojú ò rí. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbàǹgbà lèmi ò wá ní mọ̀? Wo etí òsì ẹ̀, ó ya. Ti àná náà ya."

Etí ya lóòótọ́. Ẹranko náà tiẹ̀ na ọwọ́ kan sókè, bí ẹni ń kíni.

Adégbénró wọ bàtà, ó fa jákẹ́ẹ̀tì, ó kọrí sílé oògùn. "Ọ̀kẹ́rẹ́ méjì ni, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n!" Ó ń pariwo padà sí Màámi látẹnu lífìtì. "Ìdílé kan, etí kan! Nọ́ọ̀sì gan-an ti sọ ọ́! Mo ti borí yín, Màámi, agídí lẹ kàn ń ṣe!"