Ibi Tí Ẹja Náà Ti Wá

"Màmá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí apẹja kan níbẹ̀ tó mọ ẹja yìí."

Látífàt kò tíì jókòó tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ń to ẹja yíyan sórí tábìlì nínú ọjà ní Ṣàgámù. Kò gbójú sókè.

"Bóyá àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sí nílé ni."

"Fún odidi ọjọ́ mẹ́rin?"

Irọ́ ni Sàfúrátù ti pa, ó sì mọ̀. Ọlọ́jà wo ló ń sọ ibi tó ti ń ra ọjà ná? Bí Wúlẹ̀mọ̀tù tí wọ́n jọ pààlà tábìlì bá bi í, Ẹ̀pẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, Ẹ̀pẹ́ lòun náà mọ̀ títí tó fi lọ. Nígbà tí Látífàt wá mú bírò àti ìwé dání lóṣù tó kọjá, tó ní, "Màmá, níbo lẹja pẹlẹbẹ yìí ti wá?", ẹnu Sàfúrátù ti sọ Ẹ̀pẹ́ kó tó ronú.

Ẹja náà tẹ́ bí àwo, ìrù rẹ̀ gùn bíi pàṣán, kókó funfun róbótó kan sì wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Kókó yẹn ni Látífàt fi dá a mọ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gé bíńtín lára rẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹja sì ní òun gan-an ni, ẹ̀yà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ létí òkun wa. Ó wá ku ibi tó ń gbé.

"Dókítà Ilésanmí, ọ̀gá mi, ní bí mi ò bá rí ibẹ̀ títí di Ẹtì, kí n gbàgbé iṣẹ́ náà. Ó ní ṣe ni mo jókòó sílé tí mo kọ Ẹ̀pẹ́ síwèé. Ó pè mí ní òpùrọ́ níṣojú gbogbo èèyàn, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Sàfúrátù wọra. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ ńkọ́? Ìjọba á dé, wọ́n á ní kẹ́nikẹ́ni má dẹ àwọ̀n síbẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi ẹja yẹn jẹun.

"Kí nìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe?"

"Kí wọ́n yé pa àwọn abiyamọ ibẹ̀ ni. Ẹja yìí kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Ẹyọ kan, méjì."

Tútù ni Sàfúrátù ń ra ẹja náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń la ikùn wọn kó tó yan wọ́n lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Likosi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa abọ́ kan jáde lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ ẹja yíyan mẹ́sàn-án tó bá nínú ikùn wọn ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọn ò ṣeé tà, ọbẹ̀ ló máa ń fi wọ́n sè.

"Ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan nìyí," ó ní. "Irọ́ ni mo pa fún ọ, Látí. Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́."

"Màmá! Èmi?"

"Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni. Jọ̀ọ́, má bínú."

Látífàt bínú. Ó mú ọmọ ẹja kan, ó yí i padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i. Ojú ti Sàfúrátù gidi. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe Dúrótìmí, apẹja tó ń tà fún un ní Èbúté Ládépò, níbi tí igi ẹ̀gbà ti bo etí omi.

"Dúrótìmí, Sàfúrátù ni. Mò ń bọ̀ lọ́la, èmi àti ọmọ mi. Ohunkóhun tó bá bi ọ́, òótọ́ ni kó o sọ fún un."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Ẹja wà dáadáa o. Apẹ̀rẹ̀ mélòó ni kí n gbé pamọ́ dè yín?"

Sàfúrátù wo tábìlì rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn Látífàt.

"Má gbé ìkankan pamọ́," ó ní.