Ohun Tí Nelda Sọ Nínú Àdúrà Ọjọ́rú

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, àwọn ọlọ́pàá mú Nelda Pruitt níwájú ilé rẹ̀ ní Harlan Fork, ní Texas, nítorí pé ó bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wá oògùn ìṣẹ́yún.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, tẹlifíṣọ̀n ìlú ńlá ti gbé àwòrán Royce Tidmore, agbẹjọ́rò ìjọba tó ní kí wọ́n mú un, jáde: ó na Bíbélì sókè, ojú rẹ̀ le koko. Wọ́n ní àwọn amí rẹ̀ ló ń yẹ fóònù àwọn obìnrin wò.

Lọ́jọ́ kejì, Royce wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kékeré tí Verlene Hatcher ń dá ṣe.

"Arábìnrin Verlene, ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ mí di ẹhànnà! Níbi ìrìbọmi ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ pé irọ́ ni. Mi ò ní amí kankan."

"Òótọ́ ni. Etí yín ló ṣe amí."

Àwọn méjèèjì ló wà nínú ìjọ ní Ọjọ́rú tí Nelda dìde, tó ń sunkún, tó sọ ohun tó ṣe, tó ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Royce, tó jẹ́ díákónì, ló di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi ṣe àmín.

"Mo ti búra fún òfin," ó wí. "Àbí kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?"

"Mà á kọ ìyẹn, nígbà náà."

"Ohun tí a bá sọ nínú àdúrà Ọjọ́rú kì í jáde, Arábìnrin. Ẹ mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ tún ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ṣùgbọ́n òfin ìjọ yẹn de Verlene náà. Ó lọ bá Nelda, tí wọ́n ti gba béèlì rẹ̀.

"Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà. Bí o bá ní kí n má kọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́."

Nelda ń po ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè. "Ọlọ́run ni mo sọ ọ́ fún, mà. Royce ló bá mi gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ kọ ọ́, jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwo sí i lórí bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ó di ọwọ́ mi mú lóòótọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà."

Verlene kọ méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, olórí akọrin gba aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tí Verlene máa ń wọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Verlene wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì kọrin láti ibẹ̀.

Àdúrà Ọjọ́rú ṣì ń lọ. Ìwòsàn orúnkún tó ń dunni àti òjò ni wọ́n ń tọrọ. Kò sẹ́ni tó tún dìde sọ òótọ́ níbẹ̀ mọ́.