Ẹ̀jẹ̀ Tí Kifayah Fi Pamọ́

Ẹ̀rù méjì ló ń ba Kifayah bó ṣe jókòó níwájú dókítà nílé ìwòsàn kan ní Ṣáṣá: ẹran tó hù sí i nímú, àti Ìyá Mahfuz, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí wọ́n jókòó tì í bí ọlọ́pàá.

"Ṣé ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀?" Dókítà Olúyínká bi í.

Kifayah wolẹ̀. Ní ìlú Ìrókò tiwọn, àwọn àgbà á kọ́kọ́ wádìí àrùn ìdílé dáadáa kí wọ́n tó so yìgì. Bẹ́ẹ̀ àìmọye ìgbà ló ti jí bá ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí, tó sì sáré fọ̀ ọ́ kẹ́nikẹ́ni tó rí i.

"Rárá, mà."

"Ìyàwó mi kì í ṣàìsàn," Ìyá Mahfuz gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ bá wa já a sọnù. Ọmọ mi ti ń dúró níta bí àgbò tó gbóòórùn èèpo iṣu."

Dókítà rẹ́rìn-ín, wọ́n tan iná sínú imú náà. "Irú èyí tó máa ń kún fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún la ti sábà ń rí i. Tìrẹ wà níwájú, lára ògiri tó pín imú sí méjì. Tí kì í bá ṣẹ̀jẹ̀, màá gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò."

Wọ́n mú ẹ̀mú. Irin náà ń kọ mànà. Tó bá sọ òótọ́, ó lè pàdánù olówó orí rẹ̀. Tó bá dákẹ́ ńkọ́? Irin tútù kan etí ihò imú rẹ̀.

"Ẹ dúró! Irọ́ ni mo pa! Ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, á máa ya bí omi ẹ̀rọ!"

Dókítà rọra gbé ẹ̀mú kalẹ̀. Òógùn bo iwájú orí wọn. "Ká ní mo gé e ni, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè má dá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, àfi tó o bá ti ya àwòrán inú imú."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni, mà?" Kifayah béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀."

Ìyá Mahfuz ti jáde láìwẹ̀yìn. Ariwo sọ níta. Ilẹ̀kùn ṣí. Mahfuz ló wọlé, fìlà lọ́wọ́, ojú pọ́n.

"Kifayah, èmi lo fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún?"

Kifayah fọwọ́ bojú.

"Ìyá mi ní kí n dá yìgì dúró," ni Mahfuz wí. Ó yíjú sí dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n ti ń ya àwòrán yẹn?"

Ó na ọwọ́ sí Kifayah. Ìyẹn dì í mú.