Nọ́ọ̀tì Mẹ́rin Tó Wà Létí Ìró Mi

Mo lá àlá kan lóru àná, ṣùgbọ́n n kò ní í rọ́ ọ fún yín kí n tó jẹ́wọ́ ìwà agọ̀ tí mo hù kí n tó sùn. Ẹ má pariwo o. Èmi ni mo jí nọ́ọ̀tì Fẹ̀yìntọ́lá, irin tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀. Mẹ́rin ni. Wọ́n gùn tó ìka àárín mi, wọ́n sì wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo dì wọ́n ní kókó sí etí ìró mi, mo lọ sùn lé wọn lórí, èmi àgbàlagbà tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, oṣù kẹsàn-án rèé, Pijó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, kò lọ, kò bọ̀. Ọkọ̀ tó fi gbé èrò láti Ìkirun lọ sí Ìràgbìjí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Fẹ̀yìntọ́lá, ọmọ mi obìnrin tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló ní òun kò ní í jẹ́ kó dípẹtà síbẹ̀. Ó ní epo bẹntiróòlù ti kọjá agbára, òun á yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, òun á gbé ẹ́ńjìnnì tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ sí iwájú ọkọ̀ náà. Lánàá ló yọ ti àtijọ́, ó gbé e sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ni mo bá bẹjú wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ni mo rí. Ihò gbàgà, ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, irú ihò bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ti bẹjú wò rí láyé mi, ọjọ́ tí a sin bàbá wọn ni. Bí ọwọ́ mi ṣe lọ síbi nọ́ọ̀tì nìyẹn. Mo ní kò ṣáà ní í lè de ẹ́ńjìnnì mọ́bẹ̀ láìsí nọ́ọ̀tì. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, ẹ gbọ́ àlá.

Mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ọ̀sán gangan ni. Ẹ́ńjìnnì tuntun ń bọ̀ lọ́nà, òun nìkan, ó fi ìborùn borí. Kò lẹ́sẹ̀, ó ṣáà ń rìn. Ó dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kúulé o, ìyálé mi. Ibo ni kí n jókòó sí?"

Mo ní, "Sùúrù. Ìyàwó kì í wọlé kí wọ́n tó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo bu omi sínú igbá. Mo wá ẹsẹ̀ títí, n kò rí ẹsẹ̀. Ihò mẹ́rin ni mo rí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní ìyẹn náà á ṣe é, mo bá da omi sínú gbogbo wọn. Ha! Ìyàwó sín. Iná já jáde nímú rẹ̀, gèlè mi fò lọ sórí páànù, eyín méjì tó ti kúrò lẹ́nu mi láti èṣí hù padà, wọ́n wò yíká, wọ́n tún bọ́.

"Ẹ ṣeun, ìyálé," ni ìyàwó wí. "Omi náà tutù dáadáa."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wúkọ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ikọ́ àwọn tó ń mu tábà. "Ẹ bi í bóyá ó mọ òkè Ìràgbìjí. Ẹ bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún pẹ̀lú èrò mẹ́jọ, àpò gààrí mẹ́ta, àti ìyá kan tó ń bì."

"N kò mọ̀ ọ́n, bàbá," ni ìyàwó wí. "Màá kọ́ ọ."

Ọ́ìlì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Mo fi etí bùbá mi nù ún. Mo sọ fún un pé èmi náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe mí.

Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọ́lá ti dé. Ó ti padà di ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n sípánà tó gbé lọ́wọ́ ga jù ú lọ. Ó wọ inú iwájú ọkọ̀, ó ń fi okùn wọn ibẹ̀, ó ń bá mi sọ ohun tó sọ fún mi lójú ayé lánàá tí n kò fetí sí:

"Àárín irin gígùn méjì yìí ló máa jókòó sí, Màámi, lórí irin ìdábùú. A ó fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa máa gbọ̀n. Bí nǹkan bá kọlu ọkọ̀ níwájú, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ rí ibi bọ́ sí nísàlẹ̀. Ohun tó wúwo kò gbọdọ̀ wá bá èèyàn láyà."

Mo ní, "Tèmi ti wá bá mi láyà ná."

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ lọ gbàṣẹ wá ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀."

Mo lọ. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè oko ẹ̀gẹ́, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ata kan kó má bàa lọ. Mo bá gun okùn. Ìdí mi yìí, ẹ rí i, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi okùn gbé. Nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà, mo só, ọ́fíìsì náà sì gòkè díẹ̀ sí i. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ okùn, mo ń gùn ún lọ.

Ọ̀gá kan jókòó nínú rẹ̀, táì rẹ̀ gùn dé oko nísàlẹ̀. Kò wojú mi.

"Ta ló ni ọkọ̀?"

"Ọkọ mi ni, sà."

"Ibo ló wà?"

"Ó ti kú, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kó wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí kí a tó ti ilẹ̀kùn."

Mo ní, "Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ pè é wá."

Mo nawọ́ láti gba fọ́ọ̀mù. Bí mo ṣe nawọ́ ni irùngbọ̀n ọ̀gá ń gùn, etí rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀, ìwo yọ. Ó ní "Mẹ̀ẹ́ẹ̀," ó sì jẹ fọ́ọ̀mù náà tán. Mo wo àwọn akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ fáìlì. N kò bínú. Ewúrẹ́ tó jẹ ìwé, kí ló ṣe tí ewúrẹ́ kì í ṣe? Mo ṣáà béèrè bóyá kí n dúró gba rìsíìtì. Ọ̀gá ní òun ti gbé e mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ni okùn bá já. Mo já bọ́ síwájú Pijó wa, n kò fara pa. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí fúnra rẹ̀.

Ọkọ mi wà nínú ihò náà.

Ó ká jọ síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀, èjìká rẹ̀ há sáàárín irin gígùn méjì náà. Fìlà rẹ̀ ti rún.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "o pẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Mo wá ní, "Bàbá Fẹ̀yìn, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni mò ń di àyè mú. Iwájú ọkọ̀ kò lè wà lófìfo, yóò wó. Mo bá wọlé jókòó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti lọ, tí o ṣì ń pọn omi sínú búùtà àlùwàlá mi láràárọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò sọ ti búùtà yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mo máa ń pọn ọ́n kí ilé tó jí. Mo máa ń dà á nù kí wọ́n tó rí i.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ń dùn mí, Àwẹ̀ró. Jẹ́ kí n dìde. Bí ìyàwó yìí bá ti jókòó síbí, èmi lè máa lọ."

Inú bí mi. Ẹ gbọ́, mò ń jowú irin! Mo ní, "Ẹ kú lọ, ẹ ò dúró jẹ́ kí n rí yín bá rojọ́, ẹ tún wá fẹ́ ìyàwó lé mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ tó máa ń mú ikùn rẹ̀ jó. "Èmi kọ́ ló fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ ni." Ó wá nawọ́ kan sí mi. "Nọ́ọ̀tì rẹ̀ dà?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

Òkú ni mo parọ́ fún o! Bí mo ṣe parọ́ náà tán ni etí ìró mi ń dún woro, woro. Ó wo etí ìró mi. Kò bá mi wí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà láyé, tí mo bá fi ẹran pamọ́ fún ọmọ, tí mo sì ní ó ti tán. Ó kàn mirí.

"Ó dáa," ó ní. "Màá ṣì máa fọwọ́ mú un ná."

Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó tún gbá àyè náà mú. Mo rí i tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó etí ìró mi. Bí mo bá tú ọ̀kan, òmíràn á ti so. Mo fi eyín tú u, eyín tí n kò ní. Àwọn ewúrẹ́ ń kọjá lọ lẹ́yìn mi, wọ́n ń pariwo pé ọ́fíìsì ti pa, ọ́fíìsì ti pa. Mò ń tú u. Mò ń sunkún, mò ń tú u.

Ni mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Itan mi ń ro mí gidi. Mo wò ó, ojú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò síbẹ̀ bí ilà tí wọ́n kọ fún ọmọ tuntun. Ewúrẹ́ Ìyá Ràfíátù aládùúgbò wa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń jẹ páálí tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì tuntun wá. Búùtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, n kò tíì pọnmi sí i.

Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Fẹ̀yìntọ́lá ti wà nínú iwájú Pijó. Ó ti fi jáàkì gbé ẹ́ńjìnnì náà sáàárín irin méjì, ó bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ó fi apá méjèèjì gbá a mú síbi tó yẹ kó wà, kò sì sí ohun kankan tí yóò fi dè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Etí ìró mi dún woro.

Kò yíjú padà. Ó ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀. Ṣé kókó yẹn ti le jù ni, àbí kí n wá bá yín tú u?"